Ẹni Tí Ó Sá, Ẹjọ́ Ni Ó Gbé Dání: Ìrìnàjò ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ní ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá ti bá ilẹ̀ Ẹ̀dó pààlà, ni ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́ wà, ọ̀nà ńlá tí ó ti Àkúrẹ́ wá sì gba inú àwọn méjèèjì kọjá lọ sí ìlú Benin. Iṣu, kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó ni ojú kọ́kọ́ ń rí lórí àwọn ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà yìí, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1990 wá, nígbà tí orúkọ ìlú Benin bẹ̀rẹ̀ sí í hàn gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin lọ sí Ítálì, gbogbo ọ̀nà tí ó wọ ìlú náà ni ó ti di ara ọ̀rọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò kan fi ìgbésí ayé wọn ṣe iṣẹ́ lé lórí. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń gbèjà àwọn ogunléndé àti àwọn tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ òwò ọmọ ènìyàn fi lè rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ lórí ọ̀nà yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó, Róòmù tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni a ti sábà máa ń gbọ́ ẹjọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ là yé ara wa. Ogunléndé, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 ti túmọ̀ rẹ̀, ni ẹni tí ó sá kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù tí ó ní ìpìlẹ̀ pé wọn yóò ṣe inúnibíni sí òun nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìlú abínibí, èrò òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ àwùjọ tí òun wà nínú rẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fọwọ́ sí ní 1969 sì fẹ ìtumọ̀ yìí lójú, tí ó fi gba ẹni tí ogun tàbí rògbòdìyàn ńlá lé jáde pẹ̀lú. Fífi ọmọ ènìyàn ṣòwò, ní tirẹ̀, ní ọwọ̀n mẹ́ta nínú ìlànà tí a fọwọ́ sí ní Palermo ní ọdún 2000, èyí tí Nàìjíríà gbà wọlé ní 2001: ohun tí a ṣe, bíi mímú ènìyàn, gbígbé e tàbí fífi í pamọ́, ọgbọ́n tí a fi ṣe é, bíi ipá, ẹ̀tàn tàbí fífi àìní rẹ̀ mú un, àti ète tí ó wà nídìí rẹ̀, èyí tíí ṣe láti fi ara tàbí agbára rẹ̀ pawó. Òfin ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, ẹnì kan náà ni ó sábà máa ń jẹ́ méjèèjì pọ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n tà ní Líbíà lè dé Yúróòpù kí ó sì di ẹni tí ń wá ibi ìsádi.

Láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Bí arìnrìnàjò bá ti wọ ìlú, ààfin Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, ni gbogbo nǹkan rọ̀gbà yí ká, àti ọjà tí ó wà níwájú rẹ̀, àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1968. Ní Igbó'Lájà, nínú ìlú kan náà, ni onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo ti wú àwọn ère amọ̀ jáde ní 1971, àwọn ère tí àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí iṣẹ́ ọnà wọn sì fi hàn pé Ọ̀wọ̀ bá Ifẹ̀ tan, ó sì mọ Benin dáadáa. Igbó yìí kan náà ni ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n so mọ́, ìtàn tí ó bí ọdún Igógó tí ìlú ń ṣe ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè máa ń di irun bí obìnrin, tí wọ́n wọ aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, tí a kì í lu ìlù bí kò ṣe agogo nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dé fìlà tàbí wé gèlè.

Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, jẹ́ obìnrin àjèjì tí Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ̀jẹ́n fẹ́, tí ó sì wọ ààfin pẹ̀lú èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá níṣojú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀ níṣojú rẹ̀. Ọba gbà, wọ́n sì jọ ń gbé. Nígbà tí owú ń gún àwọn orogún rẹ̀ lọ́kàn, wọ́n dúró de ìgbà tí ọba kò sí nílé, wọ́n sì ṣe ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Obìnrin náà sá kúrò ní ààfin. Àwọn tí a rán láti lọ mú un wá lé e dé inú igbó, ṣùgbọ́n kàkà kí wọ́n mú un padà, gèlè rẹ̀ nìkan ni ó kù sílẹ̀, láti ìgbà náà ni ìlú sì ti ń ṣe ètùtù fún un lọ́dọọdún.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń ro ọ̀rọ̀ òfin ṣàkíyèsí nínú ìtàn yìí ni pé ìlú kò fi ẹ̀bi sísá kan ẹni tí ó sá. Ìtàn náà kò béèrè ìdí tí kò fi ní sùúrù. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni àdéhùn tí a bà jẹ́ àti àwọn tí wọ́n bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni abala kẹtàlélọ́gbọ̀n nínú àdéhùn 1951 ti fi lélẹ̀ nígbà tí ó ní orílẹ̀-èdè kankan kò gbọdọ̀ dá ogunléndé padà sí ibi tí ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀ yóò ti wà nínú ewu. Ohun tí agbẹjọ́rò ń bá ilé ẹjọ́ fà láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni pé kí ilé ẹjọ́ gba sísá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kí ó má kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí ọ̀gá wọlé-wọ̀de máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ìdí tí ẹni náà kò fi dúró sílé kí ó fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá.

Orúkọ ìdílé ọba kan ní Ọ̀wọ̀, Ọlátẹ̀rù-Ọlágbẹ̀gí, tún mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìgbà tiwa. Àwọn tí wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ òwò ọmọ ènìyàn jà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ orúkọ náà mọ́ agbẹjọ́rò obìnrin kan, olóògbé Bísí Ọlátẹ̀rù-Ọlágbẹ̀gí, olùdarí ẹgbẹ́ Women's Consortium of Nigeria, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní WOCON, ẹgbẹ́ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Èkó tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1990. Ní ìgbà náà, kò tíì sí òfin kan pàtó lórí òwò yìí ní Nàìjíríà. Ohun tí agbẹjọ́rò lè gbára lé ni ìwé òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́, tí ó ní abala díẹ̀ lórí ẹrú títà àti lórí àwọn tí ń mú ọmọbìnrin lọ ṣe iṣẹ́ aṣẹ́wó, àti òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè, tí abala kẹrìnlélọ́gbọ̀n rẹ̀ ní a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹrú tàbí fi ipá mú un ṣiṣẹ́. Irú agbẹjọ́rò bẹ́ẹ̀ kò lè jókòó sí ilé ẹjọ́ nìkan. Ó ní láti máa la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn òbí, olùkọ́, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn aṣọ́bodè, kí ó sì máa bá àwọn aṣòfin sọ ọ́.

Ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2003 ni a fọwọ́ sí òfin tí ó dá àjọ NAPTIP sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣèwádìí òwò ọmọ ènìyàn, tí ó ń gbé àwọn tí ń ṣe é lọ sí ilé ẹjọ́, tí ó sì ń fún àwọn tí a gbà sílẹ̀ ní ibùgbé. A tún òfin náà ṣe ní 2015, ó sì gbé ìyà tí kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá kó ènìyàn sọdá ẹnubodè fún òwò yìí. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún agbẹjọ́rò ẹni tí a ṣẹ̀ ni pé òfin náà kò jẹ́ kí a fi ẹni tí wọ́n tà sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n mú un ṣe nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wọn, irú bí ìwé ìrìnnà ayédèrú tàbí iṣẹ́ aṣẹ́wó, ó sì dá owó àkànlò sílẹ̀ tí a lè fi ṣe ìtọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀ ti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn yọ nínú ibi. Ní Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya bo ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis Xavier ní àdúgbò Ọ̀wàlúwà, wọ́n sì pa ènìyàn 40, ó kéré tán. Gómìnà ìpínlẹ̀ nígbà náà, olóògbé Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni, agbẹjọ́rò àgbà sì ni pẹ̀lú, ẹni tí ó ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà láti 2008 sí 2010. Arìnrìnàjò tí ó bá kọjá ní àdúgbò náà kò nílò àlàyé gígùn kí ó tó mọ̀ pé yíyọ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó yọ, nítorí pé a óò tún pè é kí ó wá jẹ́rìí, kí ó sọ ohun tí ó ń gbìyànjú láti gbàgbé, ní gbangba. Ìdí nìyí tí agbẹjọ́rò tí ó mọ iṣẹ́ fi máa ń tọrọ pé kí ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ tàbí láti ọ̀nà jíjìn lórí ẹ̀rọ fídíò. Nínú ẹjọ́ nọ́ọ̀sì kan tí a dá ní Birmingham ní 2018, tí ilé ẹjọ́ kọ́kọ́ fún ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì sọ ọ́ di 18, Jámánì ni àwọn obìnrin tí ó kó láti Nàìjíríà ti jẹ́rìí sí i lórí ẹ̀rọ.

Bí a bá yà sí ìhà àríwá Ọ̀sẹ́, lọ́nà Ìdóàní, a óò bá ẹ̀kọ́ mìíràn pàdé, èyí tí kò sí nínú ìwé òfin kankan. Ìdóàní jẹ́ ìlú tí àwọn àdúgbò tí orírun wọn kò dọ́gba parapọ̀ di, ọ̀kan nínú wọn sì ń sọ èdè Ìyàyú, èdè tí ó bá Ẹ̀dó tan ju Yorùbá lọ. Ọmọ tí a bí níbẹ̀ lè máa sọ Ìyàyú nílé, Yorùbá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ní iléèwé àti pijin nínú ọkọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá bá ara rẹ̀ níwájú ọ̀gá wọlé-wọ̀de ní òkè òkun, tí wọ́n sì bi í ní èdè tí ó ń sọ, tí ó dáhùn pé Yorùbá ni, ògbufọ̀ tí wọn yóò pè lè jẹ́ ẹni tí a tọ́ dàgbà sí Ìbàdàn tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Ọ̀rọ̀ tí ó bá bọ́ sọnù láàárín wọn kì í padà. Bí ọmọ náà bá sì sọ pé ìgbà ọdún ìbílẹ̀ tí ó ṣáájú ìkórè iṣu ni òun kúrò nílé, tí ògbufọ̀ kọ oṣù kan sílẹ̀, tí ọmọ náà tún dárúkọ oṣù mìíràn ní ọjọ́ kejì, wọn yóò ní irọ́ ni ó ń pa. Agbẹjọ́rò tí ó bá mọ ilẹ̀ yìí yóò fi ọdún ìbílẹ̀, ìgbà òjò àti ìgbà ìwọlé iléèwé tọpa ọjọ́ náà kí ó tó kọ ìwé ìbúra oníbàárà rẹ̀, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, ẹni tí a kò sì gbọ́ èdè rẹ̀, a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ọ̀nà gba Ìpele àti Ẹlẹ́gbẹ̀ka kọjá, igbó sì ń ki sí i ní ọ̀tún àti òsì. Ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka yìí ni àwọn agbébọn ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tí ó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù gbé dìde ní ọdún 2020 kan náà, àti àwọn ológun àti ọlọ́pàá máa ń dúró lójú ọ̀nà, wọ́n a dá bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n a yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n a sì béèrè pé, "Níbo lẹ ń lọ?" Ajínigbé tí ó wà nínú igbó ni ìbéèrè náà ń wá. Ẹni tí ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò kì í fara pamọ́ sínú igbó. Inú ọkọ̀ ni ó jókòó sí, ó lè jẹ́ ìbátan tàbí aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó ń mú lọ ni ó ń fi ayọ̀ bá a sọ̀rọ̀ jù lọ nínú gbogbo èrò.

Níbi tí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ti le jù nìyí, nítorí pé ẹni náà gbà láti lọ. Òfin àgbáyé àti ti Nàìjíríà fẹnu kò pé bí ẹ̀tàn tàbí ipá bá ti wọ ọ̀rọ̀, gbígbà tí ẹni náà gbà kò lè gba ẹni tí ó tà á sílẹ̀. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sì rọrùn jù, nítorí pé a kò tilẹ̀ ní láti wá ẹ̀tàn tàbí ipá rí. Ṣùgbọ́n òye gbèsè ni ó so àwọn àgbà mọ́lẹ̀. Yorùbá mọ ìwọ̀fà, ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dí èlé owó tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yá, tí owó gan-an sì wà nílẹ̀ títí tí wọn yóò fi san án. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú: ó ní àkókò tirẹ̀, ó ní ìdílé tirẹ̀, a kò sì lè tà á. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá sọ fún pé ó jẹ màdáámù, obìnrin tí ó kó o lọ sí òkè òkun, ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta yúrò, tí owó oúnjẹ, owó ilé àti owó ìtanràn tún ń gun orí rẹ̀ lójoojúmọ́, lè rò pé ìwọ̀fà ni òun, pé àdéhùn ni òun ń mú ṣẹ. Agbẹjọ́rò ní láti fi hàn án, kí ó sì fi han adájọ́, pé gbèsè tí ẹni tí a jẹ nìkan ń ṣírò, tí kò sì ní òpin, kì í ṣe gbèsè mọ́, okùn ni.

Okùn náà ní kókó kejì, èyí ni ìbúra. Kí wọ́n tó gbéra, a máa ń mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin lọ sí ojúbọ, a ó gba irun, èékánná tàbí aṣọ ara wọn, wọn yóò sì búra pé àwọn kò ní dá màdáámù lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò tí ó bá pe èyí ní ìgbàgbọ́ asán yóò pàdánù oníbàárà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Benin pe àwọn olórìṣà jọ sí ààfin rẹ̀, ó fi àwọn tí ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò gégùn-ún, ó sì tú gbogbo àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀ kúrò nínú ìbúra náà. Ìròyìn rẹ̀ dé Yúróòpù kíákíá, ó sì fún agbẹjọ́rò ní ohun tí ìwé òfin kò lè fún un: ọ̀rọ̀ kan tí ó lè sọ fún obìnrin tí ẹ̀rù ń bà, láti ẹnu ẹni tí obìnrin náà gbà pé àṣẹ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí òfin ti lágbára yàtọ̀ síra. Ní Ítálì, abala kejìdínlógún nínú òfin àjèjì ti ọdún 1998 fàyè gba ìwé ìgbélùú fún ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń lò ó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ ìtọ́sọ́nà tí a ṣe ní 2016 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà tí a ti tà ní a kò lè fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. A ní láti wo ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹbí rẹ̀ yóò gbà á, ṣé ó kàwé, ṣé ara rẹ̀ dá, ṣé àwọn tí ó tà á mọ ilé bàbá rẹ̀? Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ilé ẹjọ́ àjọ ECOWAS dá Hadijatou Mani láre ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2008, obìnrin ará Niger tí wọ́n tà ní ọmọ ọdún 12 ní 240,000 sefà, wọ́n sì ní kí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ san mílíọ̀nù 10 sefà fún un nítorí pé kò dáàbò bò ó. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ, ni àwọn àgbà wí. Ìdájọ́ yìí fi kún un pé ìjọba tí ó bá dákẹ́ nígbà tí a ń sọ ọmọ di ẹrú ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́.

Àwọn ìbéèrè tí adájọ́ Lọ́ńdọ̀nù ń béèrè wọ̀nyí, lórí irú ọ̀nà yìí ni ìdáhùn wọn wà. Ẹ̀yìn Ìfọ́n ni ojú ọ̀nà ti ń dojú kọ Sobe, tí ó ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Àwọn obìnrin máa ń kó iṣu jọ lẹ́bàá títì ní òòró, mẹ́ta-mẹ́ta, bọ́ọ̀sì a dúró, èrò a ra èyí tí wọn yóò gbé dé ilé, wọn a sì tún gbéra. Bí ẹ̀ṣọ́ bá dá ọkọ̀ dúró níwájú, yóò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ, gbogbo wọn yóò dáhùn pé Benin, òótọ́ sì ni, nítorí náà yóò ju ọwọ́ sí wọn kí wọ́n máa lọ. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní yàrá kékeré kan ní ìlú òtútù, agbẹjọ́rò yóò ṣí fáìlì, yóò mú oníbàárà rẹ̀ padà sínú bọ́ọ̀sì náà, sórí ìjókòó tí ó jókòó sí, sí iṣu tí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rà fún un pé kí ó jẹ bí wọ́n bá dé, yóò sì béèrè ohun tí ẹnì kankan kò béèrè lójú ọ̀nà: "Ta ni ó san owó ọkọ̀ rẹ?"